Ọpọ́n Òrí àti Kókó Tó Padà Wá

Àwọn ọmọ iléèwé girama kan wá bá mi nílé láìpẹ́ yìí. Wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá wọn, wọ́n sì gbọ́ pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe òrí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni iye tó ń wọlé níbẹ̀. Mo ní ó bọ́ mi, ó sì fi aṣọ sí mi lọ́rùn, mo dákẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo wá rí i pé ohun tó yẹ kí n sọ fún wọn ṣì wà nínú mi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ kan, kí ó má bi ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀ nìkan. Kí ó bi ẹni tí iṣẹ́ náà ti jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Síkírátù ni orúkọ mi, ọmọ Ṣakí ni mí. N kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti darúgbó, òun ló sì mú mi fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. N kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ káàkiri. Wọ́n ti la ikùn mi lẹ́ẹ̀mejì, títí di òní, bí inú bá ta mí pẹ́rẹ́, àyà mi a já. Síbẹ̀, n kò lè sọ ti òrí kí n fo ti ikùn mi, nítorí ọpọ́n òrí ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ohun tí wọ́n yọ lára mi ti padà wá.

Mo ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù, nígbà tí ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn obìnrin àdúgbò ń wò mí, wọ́n sì ń wo ìyá mi. Wọ́n fún mi ní àgbo aràn mu títí, ikùn kò wálẹ̀. Nígbà tó di pé oúnjẹ kò gba ọ̀fun mi mọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà pe ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kókó kan ló hù lára ilé ẹyin mi, ìyẹn ibi tí ẹyin ọmọ ń gbé nínú obìnrin. Méjì ni Ọlọ́run fún obìnrin, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kókó náà ti gbé ti apá òsì mì pátápátá, nítorí náà wọ́n yọ òun àti ilé ẹyin náà pọ̀. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, àti pé ọ̀kan tó kù tó láti fi bímọ.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tó bà á lẹ́rù ni ohun tí wọ́n fi hàn án nínú abọ́. Irun wà nínú kókó náà, eyín kan tó funfun sì wà níbẹ̀. Dókítà rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rí, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní gbogbo ẹ̀yà ara ọmọ ló wà nínú ẹyin bí igi ṣe wà nínú kóró, pé nígbà mìíràn ẹyin kan a kàn fẹ́ hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò rí iṣu tó ń hù níbi tí ẹ tò ó sí rí? Ta ló gbìn ín?" Ìyá mi ní òun ti rí i. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ náà lèyí rí, kò sí ọwọ́ ayé níbẹ̀. Ó wá fi kún un pé ohun tó hù lẹ́ẹ̀kan lè tún hù, kí wọ́n máa mú mi wá lọ́dọọdún kí wọ́n lè máa yẹ apá ọ̀tún wò.

Èyí tó fi kún un yìí ni ìyá mi kò fẹ́ gbọ́. Nílé wa, àrùn tó bá ti lọ, a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ó má baà rò pé wọ́n ń pe òun, kí ó sì dáhùn. Bí a ṣe délé, ìyá mi mú mi wọ yàrá. Ó ní, "Ohun tí wọ́n gé ti lọ, Síkírá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, aràn ni. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ irun, mi ò gbọdọ̀ gbọ́ eyín lẹ́nu rẹ." Mo ní mo ti gbọ́. A kò dé ọsibítù náà mọ́.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mùníru, olóòrí, tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbòho. Ìyá mi kúnlẹ̀, Ìyá Mùníru wo ọwọ́ mi níwá lẹ́yìn, ó ní kí n lọ gé èékánná mi kí n sì wá lọ́la. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, kì í pariwo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀gá tí kì í pariwo ni kí ẹ bẹ̀rù. Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni àtíbàbà kan wà tí wọ́n fi koríko bẹẹrẹ bò, abẹ́ rẹ̀ la ti ń ṣe ohun gbogbo. Bí kóró kan ṣoṣo bá bu nínú agbọ̀n tí a ṣà, á ní kí a da gbogbo agbọ̀n náà sílẹ̀ kí a tún un ṣà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á mú ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé àtẹ́lẹwọ́ wa sí imú. Nígbà mìíràn á ní, "Òórùn èéfín ni mo gbọ́ lọ́wọ́ eléyìí. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣe òrí ti lọ ṣe èédú." A ó máa fi ara pamọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kò ní í sùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí n kò mọ ẹni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ ní àdúgbò wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, a ó jí lọ sínú igbó lọ ṣa èso òrí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí igi ló ń jẹ èyí tó rọ̀ jù, tó dùn jù. A ó máa fi igi tú ewé kí a má baà fọwọ́ kan ejò. Nígbà tí a bá ń bọ̀, a ó pàdé àwọn ọmọbìnrin Fúlàní tí wọ́n ru wàrà lọ sí ọjà, a ó fún wọn ní èso, wọ́n á bu wàrà fún wa, a ó mu ún lórí ìdúró. Tí mo bá rántí adùn wàrà yẹn báyìí, omi a máa dé sí mi lẹ́nu. Nílé, a ó se kóró náà, a ó sá a, a ó pa á, a ó yan án, a ó gún un lódó, a ó wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi rí bí ẹrẹ̀ odò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá kan ọpọ́n.

Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n Ìyá Mùníru, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì ti jogún rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́jú. Bí a bá ń po òrí nínú rẹ̀, á máa mì síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú omi. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń pò ó, etí ọpọ́n á sì wà lábẹ́ ìdodo wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan di ọpọ́n mú, ṣíbí igi á kan án lọ́rùn ọwọ́. Ìyá Mùníru á ní, "Ọwọ́ méjèèjì, ti òrí ni. Ikùn ni kí o fi di ọpọ́n mú."

Ibi tí etí ọpọ́n ń tẹ̀ yìí gan-an ni ojú iṣẹ́ abẹ mi wà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé ó ń dùn mí, ó ká aṣọ, ó fi ọ̀já dì í mọ́ mi níkùn, ó ní kí n má sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́ lọ, Ìyá Mùníru wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Ó ní, "Síkírá, òrí lò ń pò ni, àbí ọmọ lo pọ̀n síwájú?" Muìbátù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi sín sínú ọpọ́n, wọ́n sì ní kó da ohun tó wà níbẹ̀ nù, kó wá dá gún òmíràn. Èmi tú ọ̀já mi. Nígbà tó yá, ojú àpá náà le, ó di bíi ti orúnkún wa tó ti yi, n kò sì mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ìgbà tí òrí bá fẹ́ yọjú. Ẹ ó pò ó, pò ó, apá á wúwo bí ẹni pé wọ́n so òkúta mọ́ ọn, ohun tó wà nínú ọpọ́n á sì le bí amọ̀. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ti bàjẹ́. Lójijì ọwọ́ á fúyẹ́. Ohun dúdú yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ dà, á funfun díẹ̀díẹ̀, á sì wú bí ìfófòó. Bí ó bá dé ibẹ̀, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Mùníru pàápàá á dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró, á wá dúró lórí wa, á máa wo òrí bí ẹni pé kò rí i rí. Mo ti ṣe òrí títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó ìgbà yẹn.

Wọ́n fún mi ní òmìnira iṣẹ́, mo sì dúró ti ọ̀gá mi gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Làsísì rí mi. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà lọ́jà, ó máa ń lọ kó o wá láti ẹnubodè. Ó ra òrí lọ́wọ́ wa nígbà ọyẹ́, ó tún wá ra òmíràn nígbà tí ooru mú, Muìbátù wá bi í bóyá alùpùpù ló ń fi òrí pa. Ìyá rẹ̀ rán ènìyàn sí ilé wa, wọ́n sì fi ìdáná sí ìgbà tí wọ́n bá kórè àgbàdo tán.

Ìgbà tí a ń retí ìkórè yìí ni ọpọ́n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ikùn di ọpọ́n mú bí mo ti máa ń ṣe, ohun kan sì yí láàárín èmi àti etí ọpọ́n, lápá ọ̀tún. Ó rí roboto bí èso òrí tí wọn kò tíì bó. Mo sún, ó bá mi sún. Mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì ti ọpọ́n, n kò sì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀gbẹ́ ti ọpọ́n, ọpọ́n náà á máa mì. Òrí ọjọ́ náà kò ṣù, bẹ́ẹ̀ ni ti ọjọ́ kejì.

Ìyá Mùníru rán Muìbátù lọ sọ́jà, ó ní kí n jókòó. Ó bi mí pé, "Ṣé oyún ni?"

Mo ní rárá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo sọ ohun gbogbo fún un, irun, eyín, àti pé ọ̀kan péré ló kù fún mi. Kò fọwọ́ bo ẹnu, kò wí pé ayé ló ṣe mí. Ó kàn ní, "Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan ọpọ́n mi mọ́ títí ọsibítù á fi wò ọ́. Ìdí iná ni kí o jókòó sí."

Ó dùn mí wọ egungun. Mo rò pé ó lé mi nídìí ọpọ́n nítorí eyín tó gbọ́, pé ó ń bẹ̀rù kí n má ba òrí òun jẹ́. Mo jókòó sídìí iná tí a fi ń se òrí tó bá ti ọpọ́n jáde, mò ń yọ ìfófòó orí rẹ̀, mò ń wo Muìbátù níbi tí mo ti máa ń kúnlẹ̀, inú sì ń bí mi sí àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá mi lọ bá ìyá mi nílé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi kò jiyàn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìdáná kọjá ná. Ó ní bí àwọn ará ilé Làsísì bá gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ la ikùn mi, wọn yóò wádìí, bí wọ́n bá sì wádìí, wọn yóò mọ̀ pé ọ̀kan ló kù, ta ni yóò wá fẹ́ obìnrin tí wọn kò dá lójú pé yóò bímọ? Ìyá Mùníru ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀kan yẹn náà bọ́. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn, ìyá mi ní òun yóò ronú sí i.

Kò ronú tán kí ọjọ́ náà tó dé. A ń se òrí púpọ̀, gbogbo èyí tí a ti pò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí oníbàárà kan fẹ́ wá kó o. Ìkòkò ńlá wà lórí iná, mo ń rò ó. Lójijì, bí ẹni pé ẹnìkan mú aṣọ tútù nínú ikùn mi, ó ń fún un gbẹ. N kò tíì rí irú ìrora bẹ́ẹ̀ títí di òní, ìrọbí pàápàá kò tó o. Mo bì, mo ṣubú, ọwọ́ mi sì gbá ìkòkò. Òrí dà sínú iná. Iná náà ga, ó mú koríko àtíbàbà.

Àwọn ará ilé gbé omi wá. Ìyá Mùníru kígbe mọ́ wọn pé kí wọ́n má da omi sí iná òrí, pé iyẹ̀pẹ̀ ni kí wọ́n dà. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo gbọ́ igbe rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi wọ́n sílẹ̀ sídìí iná, ó wọ́ mi jáde. Ẹnìkan ń pè é pé òrí tó wà nínú ìkòkò kejì ṣì ṣeé yọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Koríko á tún hù. Ẹ bá mi wá alùpùpù." Wọ́n gbé mi sáàárín òun àti ọlọ́kadà, ó fi apá méjèèjì dì mí mú. Òórùn èéfín ń jáde lára rẹ̀, èmi sì ń bì sí i lẹ́yìn ọwọ́.

Dókítà obìnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ ikùn mi, ó ní ohun kan ti lọ́ pọ̀ nínú mi, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, àwọn gbọ́dọ̀ là á kíákíá. Ó rí àpá mi. Nígbà yẹn ìyá mi ti sáré dé, dókítà sì bi í pé kí ni wọ́n yọ níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ìyá mi ní òun kò mọ̀. Dókítà tún bi í. Ó ní aràn ni.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Bí dókítà kò bá mọ̀ pé apá òsì ti lọ, bó bá ti rí i pé ti apá ọ̀tún ti dúdú, á kàn gé e, á ní ọ̀kan ṣì kù. Èmi gan-an fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìrora ti dí mi lẹ́nu, ìró lásán ló ń jáde.

Ìyá Mùníru kò sọ ọ́. Ó lè sọ ọ́, ó mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé dókítà á gba ti ìyá ọmọ gbọ́ ju tàlejò lọ. Ó kọjú sí ìyá mi, eérú ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Síkírá, ó ti dáhùn láìjẹ́ pé ẹ pè é. Kí lẹ tún ń fi pamọ́ fún?"

Ìyá mi wò mí. Ó ní, "Apá òsì ni wọ́n mú lọ. Irun wà níbẹ̀, eyín wà níbẹ̀. Dókítà, èyí nìkan ló kù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un."

Dókítà ní bí ó bá ti kú, òun yóò yọ ọ́, nítorí ẹ̀mí mi ló ṣáájú. Bí ìyè bá ṣì wà nínú rẹ̀, kókó nìkan ni òun yóò bó kúrò. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, n kò lè béèrè. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí ju ìrora lọ. Dókítà ló wá fúnra rẹ̀. Ó ní dúdú ni òun bá a, bí èso tó ti rà. Òun tú u kúrò nínú ìlọ́pọ̀ rẹ̀, òun fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó, òun sì dúró. Àwọn tó wà pẹ̀lú òun ní kí òun gé e. Òun tún dúró díẹ̀ sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Òun bó kókó náà jáde, ilé ẹyin náà ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ṣọgbẹ́. Irú kókó ti àkọ́kọ́ ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ọmọ fún mi, ohun tí òun mọ̀ ni pé ọ̀nà kò dí. Ó sì ní kókó náà tún lè wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ní kó tún un sọ kí òun lè gbọ́ ọ dáadáa.

Làsísì wá kí mi. Mo ti pinnu pé n kò ní í jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ọ̀kan ló kù fún mi, wọ́n sì ti fi abẹ kan òun náà." Ó ní, "Ojú kan ni bàbá mi ní títí tó fi kú. Màlúù kan ò jẹ oko rẹ̀ kó má rí i." Mo rẹ́rìn-ín, ojú iṣẹ́ abẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Wọ́n sún ìdáná síwájú, wọn kò fagi lé e.

A tún àtíbàbà kọ́. Ọdún kan gbáko ni gbogbo wa fi ṣiṣẹ́ kí ọ̀gá mi tó tún rí ara rẹ̀. Kò bá mi wí rí lórí òrí tó jóná. Ṣùgbọ́n ó fi òfin kan kún òfin rẹ̀. Bí òjò bá ti ṣú lójú ọ̀run tí èso òrí fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já, á ní, "Síkírá, ọsibítù kí igbó tó ṣí." Bí n kò bá tíì lọ, n kò ní í kúnlẹ̀ ti ọpọ́n. Ó mú un le bíi ti èékánná gígé. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe eyín ló lé mi nídìí ọpọ́n.

Lílọ yẹn kò rọrùn rí. Bí mo bá ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn tí ohun tútù tí wọ́n fi ń yẹ inú wò bá kan ikùn mi, ojú ẹni tó ń wo ẹ̀rọ ni mo máa ń wò. Lọ́dún kan, ó wo ibì kan pẹ́, ó ní òjìji kékeré kan wà níbẹ̀, kí n padà wá. N kò jẹun dáadáa títí mo fi padà lọ, wọ́n sì ní ó ti yọ́ lọ fúnra rẹ̀. Ọdún ń yí lu ọdún lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ikùn mi kò sì ga. Ìyá ọkọ mi kì í bú mi, ó kàn máa ń ki àwọn ọmọ ẹlòmíràn níṣojú mi ni. Mo máa ń lọ po òrí. Ìdí ọpọ́n nìkan ni ibi tí n kò ti ní í ronú.

Nígbà tó yá, ayé òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀rọ ìlọta kọ́kọ́ dé, ọlọ di ohun tí ènìyàn ń jókòó lé. Ìyá Mùníru lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ òórùn epo dísẹ́lì ẹ̀rọ náà lára kóró rẹ̀, ó gbé e padà wálé. Nígbà tí ó kú, a kò lè ta ko ẹ̀rọ mọ́. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra kóró lọ ní tútù, wọn kò fẹ́ òrí tí a ṣe. Àwọn aṣèédú gé igi òrí tí a máa ń sáré dé ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olóòrí ra ẹ̀rọ tó ń po òrí, irin tó ń yí nínú àgbá, obìnrin kan á tẹ bọ́tìnnì, á gbàgbé ara rẹ̀ sídìí fóònù. Òrí rẹ̀ dára, n kò ní í purọ́. Ọpọ́n ọ̀gá mi wà lẹ́yìn ilé ọmọ rẹ̀, ewúrẹ́ ń mu omi nínú rẹ̀. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fi ọwọ́ pa etí rẹ̀, ó ṣì ń dán.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ ọ, n ó ní kí ẹ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ẹ wá ọ̀gá tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣọ̀lẹ àti èyí tó ń ṣàìsàn. Ẹ gbin igi òrí pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń jẹ èso igi tí kò gbìn, ọjọ́ kan ni yóò bá ìdí igi náà lófìfo. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹni tí wọ́n bá ti yọ irú kókó yìí lára rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó ti parí. Kì í padà wá bá gbogbo ènìyàn. Ó padà wá bá èmi.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò fi ọsibítù sílẹ̀. Nígbà tí mo lọ láìpẹ́ yìí, mo jókòó ti obìnrin kan láti Okaka lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè ju ọmọ iléèwé girama ìpele kìíní lọ, ó fi ọwọ́ gbá ikùn mú bó ṣe jókòó. Wọ́n ti yọ okùn ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ tán, wọ́n fẹ́ máa lọ. Mo bi í bóyá wọ́n dá ọjọ́ fún wọn láti padà wá. Obìnrin náà ní wọ́n fẹ́ dá a, òun ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n fẹ́ yọ nílé ẹyin rẹ̀, ó ti tán.

N kì í bá àlejò sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo fà sún mọ́ ọn, mo sì sọ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́ ohun tí mo ti sọ fún yín yìí, láti orí kókó àkọ́kọ́ dé orí èkejì, pé orí ọ̀kan tó kù ló ti padà hù. Ó gbọ́ mi títí, kò wò mí. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò mí.

Nígbà tí mo dákẹ́, obìnrin náà rọra bi mí pé, "Mọ̀mọ́ mi, ẹ wá bímọ?"

Mo na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. Lábẹ́ igi níta, ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé jókòó lórí alùpùpù, ó ń bá ẹni tó ń ta ọsàn ná ọjà, kò sì fẹ́ gbà fún un. Mo ní, "Iléèwé pólì ni ó wà. Òun ló gbé mi wá. Òun nìkan ni mo bí."

Obìnrin náà wo ọmọ mi pẹ́. Ó dìde, ó fa ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì padà wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì láti béèrè ọjọ́ tí àwọn yóò tún wá.